Ohun Tí Wọ́n Rántí ní Ìtòkú

Fọ́ọ̀mù náà dé láti Ìkẹjà lọ́jọ́ Ajé, nínú àpòòwé kan tí wọ́n ti kọ orúkọ mi sí lẹ́yìn, tí wọ́n sì ṣì í kọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ojú ewé mẹ́ta ni. Mo ka èkínní, mo ka èkejì, ó rẹ̀ mí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bá ilé-iṣẹ́ yìí ṣe ìfilọ́lẹ̀ ọjà tuntun káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Mo ti gbé ọṣẹ tuntun lọ fún àwọn ará Odẹ́dá, mo ti tan sítóòfù tuntun níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìbarà, mo ti dúró sínú oòrùn ọ̀sán pariwo nípa ọṣẹ ìfọyín títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Wọn kò bi mí rí pé kí ni àwọn ènìyàn rántí nípa rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rántí ìkankan nínú wọn.

Èyí tí wọ́n wá ń béèrè yìí ni èyí tí ì bá wù mí kí gbogbo ayé gbàgbé.

Ojú ewé kẹta ni ìbéèrè náà wà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: kí ni àwọn ènìyàn rántí jù lọ nípa ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ náà? Kọ ohun mẹ́ta. Theophilus, ọ̀gá mi ní Ìkẹjà, ti fi ìwé pélébé kan há a. Ó ní láàárín oṣù mẹ́ta, ohun tí Abẹ́òkúta nìkan tà ju ti ìlú márùn-ún mìíràn lọ. Ó ní àwọn aláró Ìbàdàn tí kò gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa rí ti ń béèrè ọjà náà lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù, orúkọ tí kò sí lára agolo rárá ni wọ́n sì ń pè é. Òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá gba fọ́ọ̀mù náà, kí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Òṣogbo lóṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá sì lè bá wọn lọ síbẹ̀, wọn á fi mí ṣe mánéjà.

Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí mánéjà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń kí i pé ó dàbọ̀. Adépéjú ìyàwó mi ka ìwé pélébé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ páànù fún ilé tí a kọ́ tí a kò tíì bò. Mo gbé fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ó sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀ láìní lẹ́tà kan lára.

Aró Kíákíá ni orúkọ ọjà náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ aró, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ewé ẹ̀lú ni àwọn ìyá wa fi ń pa aró. Wọn á gún un, wọn á sá a gbẹ, wọn á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò ńlá. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí aró náà tó tó láti rẹ aṣọ. Eérú igi kan kì í rí bákan náà pẹ̀lú ti òmíràn, nítorí náà kò sí aago tó lè sọ ọjọ́ tí aró tó. Ahọ́n ló ń sọ ọ́. Ìyá aláró á ki ìka bọ inú ìkòkò, á fi kan ahọ́n, á dákẹ́ díẹ̀, á wá sọ pé ó tó tàbí kò tó. Bí o bá kánjú, aṣọ á jáde ràndánràndán, kò ní dúdú. Bí o bá pẹ́ jù, aró ti kú, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, Ìyá Bùsírátù ni ahọ́n ọjà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, omi àlùwàlá ìgbà márùn-ún lóòjọ́ kò sì ṣí i kúrò. Àwọn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà fún ogún ọdún ṣì ń ránṣẹ́ pè é kí wọ́n tó ri aṣọ olówó ńlá bọ inú aró. Á rọra wá, á tọ́ ọ wò, á ní, "Ó di ọ̀la," wọn á sì dúró di ọ̀la.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń lo aró oníyẹ̀fun láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí wọ́n ń po mọ́ sódà tó ń bó ọwọ́. Àwọn àgbà ò fẹ́ fojú kan sódà yìí rárá. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ wa fi po gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú agolo kan ṣoṣo. O da á sómi, ìdajì wákàtí, ó parí. Sódà ò lọ ibì kankan, inú agolo ló wà, o kàn ò rí i mọ́ ni. Lẹ́yìn agolo, wọ́n fi lẹ́tà wíníwíní kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kò gbọdọ̀ kan ẹnu, kò gbọdọ̀ kan ojú. Mo kà á. N kò ní purọ́, mo kà á. Èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ ohun tó wà lára agolo sí Yorùbá fún ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, mo sì túmọ̀ ti iwájú nìkan. Theophilus ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí à ń dẹ́rù ba oníbàárà, ó sì jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n létí mi nígbà náà.

Èmi náà ni mo wá wá gbólóhùn tí a óò máa ké. "Aró àwọn ìyá wa náà ni, kò yàtọ̀, ó kàn yá ni." Theophilus bọ̀ mí lọ́wọ́ lórí èyí. Ó ní ọdún mẹ́rìndínlógún kò lọ lásán.

Ọjọ́bọ̀ kan ni a ṣe é, lọ́dún 1984, ọdún tí à ń tò sórí ìlà ra mílíìkì. A gbé ọkọ̀ wa lọ sí Ìtòkú pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí. A pín fìlà, a pín abọ́ oníke, a pín agbòjò tí wọ́n kọ Aró Kíákíá sí. Àwọn obìnrin pé jọ bí èèrà nítorí abọ́. Mo da ìyẹ̀fun sínú agbada omi kan níwájú gbogbo ènìyàn, mo rò ó, mo ń ké gbólóhùn mi lọ. Kò yàtọ̀. Kò yàtọ̀. Mo rí Ìyá Bùsírátù tó ń la àárín èrò kọjá bọ̀, wọ́n ń yà fún un. Ó wo inú agbada náà. Ó wò mí. Ó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń ta ọṣẹ, "ọmọ mi" ló máa ń pè mí.

Ó ki ìka bọ̀ ọ́.

Mo rí i. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí mo lè fi sọ pé "Ìyá, ó tì o" wà níbẹ̀, mo sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn agolo. Ṣùgbọ́n Theophilus ń wò mí láti inú ọkọ̀, inú mi sì dùn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, inú mi dùn pé ahọ́n Ìtòkú fẹ́ jẹ́rìí sí ọjà mi. Ó fi ìka kan ahọ́n. Mo gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu, mo ké pé, "Ẹ wò ó! Ìyá wa ti tọ́ ọ wò! Ìyá ti tọ́ ọ wò, ẹ̀yin ènìyàn mi!" Ọjà pàtẹ́wọ́.

Ká ní ẹlòmíràn ni, ì bá ti tu ú dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n aláró tó mọ iṣẹ́ kì í kánjú tutọ́. Ó gbà mí gbọ́ pé aró ni, ó sì ń ṣe ẹ̀tọ́ fún aró. Ó pa ẹnu dé, ó dúró, ó ń fetí sí ahọ́n rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, ohun tó tu sílẹ̀ dúdú, ó sì pọ́n. Bùsírátù ọmọ rẹ̀ figbe ta. Ẹnìkan ń ké pé kí wọ́n bu omi wá, ẹnìkan ń ké pé epo ni. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu mi.

Ó lo ọjọ́ mẹ́wàá ní ilé ìwòsàn. Ahọ́n náà san, bẹ́ẹ̀ ni dókítà sọ, ó sì ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹun. Kò kàn mọ adùn yàtọ̀ sí ìkorò mọ́ ni.

Ìròyìn Ìtòkú kì í wọ ọkọ̀, inú ìdì aṣọ ló ń gbé. Àwọn tó ń ra àdìrẹ lọ tà ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, ní ibi gbogbo, ọ̀rọ̀ náà bá wọn lọ. Àwọn obìnrin kò kọ ọjà náà sílẹ̀, nítorí ó ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní àyè ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá rà á á kìlọ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Má tọ́ ọ wò o." Kò pẹ́ tí ìkìlọ̀ fi di orúkọ. Obìnrin á dúró níwájú sọ́ọ̀bù, á ní, "Ẹ fún mi ní Má-tọ́-ọ-wò méjì." Àwọn tí kò mọ̀wé rárá ti túmọ̀ ẹ̀yìn agolo fúnra wọn, wọ́n sì ti ń kà á fún ara wọn láti ìlú dé ìlú. Iṣẹ́ mi ni, wọ́n bá mi ṣe é. Fìlà ti ya, abọ́ ti sán, èmi nìkan ló tún rántí pé a pín agbòjò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó kúrò ní ilé ìwòsàn, mo lọ kí i. Mo mú agolo mílíìkì méjì tí mo fi òwúrọ̀ kan tò fún lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò tètè dìde. Mo ń retí èébú. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá sùn lóru ọjọ́ yẹn.

"Dìde," ó ní. "Túbọ̀sún, kì í ṣe àwọn ará Ìkẹjà ni mo gbà gbọ́. N kò mọ̀ wọ́n. Ìwọ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ẹyin lohùn, mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ẹni tó bá sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lè wà níbẹ̀ kó máa wo ìfọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Theophilus dé ní agogo méjìlá. Ọmọkùnrin dáadáa ni, mo lè bí i lọ́mọ. Ó rí fọ́ọ̀mù òfìfo lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Túbọ̀sún, ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti mọ ohun tí a máa kọ. Kì í ṣe fìlà, kì í ṣe abọ́. Ìyá àgbà yẹn ni wọ́n rántí."

"Òótọ́ ni, ọ̀gá."

"Nítorí náà, ìyá àgbà la nílò ní Òṣogbo." Ó fa àga sún mọ́ mi. "A máa wá arúgbó kan tó níyì. Omi lásán la máa bù sínú abọ́, a máa fi búlúù aṣọ díẹ̀ sí i, kò lè pa á lára. Á tọ́ ọ wò níwájú èrò, á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ké e bí ẹ ṣe ké e níbí. Kò sẹ́ni tó lè ké e bíi tiyín. Gbogbo Òṣogbo á máa sọ ọ́ fún ọdún mẹ́wàá."

"Àwọn tó bá rí i tí wọ́n délé, tí wọ́n wá tọ́ tiwọn wò ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn agolo pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀."

Àárẹ̀ kan mú mi tí n kò lè ṣàlàyé. Kì í ṣe ìbínú, ká ní ìbínú ni, ì bá sàn. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nítorí èmi náà ti sọ ọ́ rí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ kí Ìyá." Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A bá Ìyá Bùsírátù ní àgbàlá ilé wọn lẹ́yìn ọjà. Ìkòkò aró mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti dojú méjì dé. Aṣọ tí àwọn oníbàárà dá padà wà lórí okùn, ràndánràndán bí ọ̀run ìgbà ọyẹ́. Bùsírátù ń ri aṣọ tirẹ̀ sínú Má-tọ́-ọ-wò ní iwájú ilé. Obìnrin ẹni ogójì ọdún ni, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́, kò fi ahọ́n mọ aró rí.

"Ẹ káàbọ̀ o," Ìyá ní. "Ẹ ò ní lọ láìjẹun. Èmi ni mo sebẹ̀ fúnra mi lónìí."

Wọ́n gbé láfún àti ọbẹ̀ ilá wá. Theophilus bu òkèlè àkọ́kọ́, ó fi sẹ́nu, mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró. Ó mu omi. Èmi náà bu tèmi. Iyọ̀ ni. Kì í ṣe pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ o, iyọ̀ ni ọbẹ̀ náà, ilá ló kàn wà nínú rẹ̀.

"Ọbẹ̀ ńkọ́?" Ìyá béèrè.

"Ó dùn gan-an, Màmá," Theophilus dáhùn, ó tún mu omi. "Irú èyí ṣọ̀wọ́n ní Ìkẹjà."

Ìyá Bùsírátù mi orí. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, Túbọ̀sún?"

Mo gbé ojú sókè. Bùsírátù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ń kán aró sílẹ̀. Ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀ pé kí n má sọ ọ́, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Ohun tí gbogbo ilé yẹn ti ń ṣe yé mi nígbà náà. Ó dùn, Ìyá. Ó dùn, Ìyá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe yẹ kó ba àgbàlagbà nítorí abọ́ ọbẹ̀ kan.

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù, Ìyá," mo ní. "Kò ṣe é jẹ."

Theophilus dáwọ́ dúró. Ìyá Bùsírátù yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀.

"Bùsírátù, láti ìgbà wo?"

Bùsírátù kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé láti ilé ìwòsàn."

"Mo fura," Ìyá ní. "Àwọn ọmọ ilé yìí ń mu omi bí ẹṣin. Mo kàn ń wá ẹni tí màá bi ni." Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ kúrò níwájú wa fúnra rẹ̀. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì retí rẹ̀.

Mo yọ fọ́ọ̀mù náà nínú àpò mi, mo fi lé orí itan. Wọ́n ní ohun mẹ́ta, ẹyọ kan ni mo kọ, mo sì fi Yorùbá kọ ọ́: *Ìyá kan tọ́ ọ wò nítorí mo sọ fún un pé kò yàtọ̀. Ẹ kọ "Má tọ́ ọ wò" síwájú agolo kí ẹ tó gbé e dé Òṣogbo. Èmi kò ní bá yín lọ.* Mo buwọ́ lù ú. Theophilus kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Bọ̀dá Túbọ̀sún, ọdún méjì péré ló kù fún yín."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n á lé yín lórí èyí."

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́."

Ó kí Ìyá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì lọ láìya fọ́tò. Kí oṣù tó parí, lẹ́tà dé pé wọn kò nílò mi mọ́. Wọn kò kọ nǹkan kan síwájú agolo. Arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n yà síbẹ̀. Mo gbọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ní Òṣogbo, tí arúgbó tiwọn fẹ́ ki ìka bọ abọ́, àwọn obìnrin ọjà ló ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Má tọ́ ọ wò!" Orúkọ náà ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ilé wa ò tíì ní páànù. Adépéjú kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ, kò sì jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, nígbà tí ìró ọkọ̀ Theophilus ti lọ tán, Ìyá Bùsírátù dìde, ó mú mi lọ sídìí ìkòkò kẹta, èyí tí wọn kò tíì dojú rẹ̀ dé.

"Ọjọ́ karùn-ún nìyí," ó ní. "Ẹ̀lú ni, ẹ̀rù má bà ọ́. Tọ́ ọ wò fún mi."

"Ìyá, iṣẹ́ obìnrin ni. Ọkùnrin kì í débi ìkòkò aró."

"Ahọ́n kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Gbogbo wọn nílé yìí ló fẹ́ràn mi, wọ́n á sọ pé ó tó. Tọ́ ọ wò."

Mo ki ìka bọ̀ ọ́. Mo fi kan ahọ́n, mo pa ẹnu dé, mo dúró bí mo ṣe rí i tó dúró lọ́jọ́ náà. Ó korò, ó sì ń yọ̀. N kò mọ ohun tí mo ń wá.

"Kí ló sọ fún ọ? Ó tó, àbí kò tó?"

Ojú rẹ̀ wà lára mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọjà tó.

"N kò mọ̀, Ìyá."

Ó mi orí, ó fa àpótí kan sún mọ́ ìkòkò, ó jókòó.

"Ìyẹn náà dára," ó ní. "Tún tọ́ ọ wò."